Ẹjọ́ ọdún 2014 tí ìpínlẹ̀ New York fẹ́ bò mọ́lẹ̀: ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀?

Àkàndé Bronx béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dá mi lóhùn má baà máa méfò.

Oṣù kejì ọdún 2009 ni mo wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú green card tí mo jẹ nínú lọ́tìrì físà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Bronx níbí, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù àti àwọn ohun tí wọ́n ń lò mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi kan wá rajà lọ́jọ́ kan, mo sì jẹ́ kí ó gbé páálí méjì kọjá níwájú mi láìsan kọ́bọ̀. Kámẹ́rà rí àwa méjèèjì. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́, mo sun àtìmọ́lé mọ́jú, lọ́yà tí kóòtù fún mi bá mi sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní bí mo bá gbà pé mo jẹ̀bi petit larceny, ìyẹn olè kékeré, n kò ní rí ẹ̀wọ̀n. Mo gbà. Adájọ́ ní kí n fi ọjọ́ márùn-ún gbálẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́, kí n san 200 dọ́là owó kóòtù, kí n má sì tún wọ wàhálà mìíràn fún ọdún kan gbáko. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ parí, ìtìjú náà kò sì jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé títí di òní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ẹnìkan dìde, ó ní New York ti ṣe òfin tó pa gbogbo irú ẹjọ́ báyìí rẹ́, pé bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè, kí a dáhùn pé rárá. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni ẹ̀rù tún bà mí, nítorí pé ohun mẹ́ta ló wà níwájú mi. Mo fẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ní ilé iṣẹ́ kan tó ń gba àwọn tí yóò máa tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn, ìbéèrè nípa ẹjọ́ sì wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Mo tún fẹ́ kọ̀wé láti di ọmọ onílùú, nítorí pé green card yìí ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kẹta ni pé ìyá mi yóò pé ọgọ́rin ọdún ní oṣù Disẹ́ńbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àkọ́bí rẹ̀ sì ni mí.

Ṣé ẹjọ́ náà ti parẹ́ lóòótọ́? Bí ó bá ti parẹ́, ṣé n kò ní láti sọ ọ́ fún ìmígíréṣọ̀n mọ́?

Ọmọ Amòfin dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Òǹgbufọ̀ ni mí ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kan ní Brooklyn, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. N kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò tiwọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹ béèrè yìí, mo ti túmọ̀ ìdáhùn rẹ̀ sí Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan.

Òfin tí wọ́n sọ ní ìpàdé yín wà lóòótọ́. Clean Slate Act ni wọ́n ń pè é. Gómìnà Kathy Hochul fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà. Ohun tí ó là sílẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, misdemeanor, tí ó ti lo ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ ìdájọ́, tàbí láti ọjọ́ tí ó jáde bí ó bá ṣe ẹ̀wọ̀n, tí kò sì sí ẹjọ́ tuntun lọ́rùn rẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò fi èdìdì dì àkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú ayé. Ti ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, felony, jẹ́ ọdún mẹ́jọ. Kò sí fọ́ọ̀mù tí a ó kọ, kò sí owó tí a ó san, kò sì sí adájọ́ tí a ó lọ bẹ̀. Pennsylvania ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò ní ọdún 2018. Òfin ti New York kò kan àwọn tó ṣẹ̀ nípa ìbálòpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò kan àwọn felony tó wúwo jù lọ, irú bí ìpànìyàn, àyàfi èyí tó jẹ́ ti oògùn olóró. Ẹjọ́ tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ dá, tàbí tí ìpínlẹ̀ mìíràn dá, kò sí ní ìkáwọ́ New York rárá.

Ibi tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ti ṣì yín lọ́nà ni ibi tí ó ti ní ó ti parẹ́. Èkíní, òfin fún àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ní àyè títí di ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2027 kí wọ́n tó wá gbogbo àkọsílẹ̀ tó yẹ rí, kí wọ́n sì dì wọ́n. Tiyín yẹ kí wọ́n dì í, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ẹnu lásán sọ fún yín pé wọ́n ti dì í. Èkejì, dídì kì í ṣe píparẹ́. Ìwé náà wà níbi tí ó wà. Ọwọ́ ẹni tí yóò ṣí i ni wọ́n dín kù. Lánlọ́ọ̀dù kò ní rí i mọ́. Ọ̀gá ilé ìtajà kò ní rí i mọ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìpínlẹ̀ yìí kò sì gbà á láyè láti bi yín nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dì í. Ọlọ́pàá ṣì ń rí i. Agbẹjọ́rò ìjọba àti adájọ́ ṣì ń rí i bí ẹjọ́ tuntun bá dé. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìbọn yóò rí i pé wọ́n ṣí i, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ilé iṣẹ́ tí òfin ní kí wọ́n tẹ ìka àwọn òṣìṣẹ́ wọn kí wọ́n tó gbà wọ́n, èyí tó kan iṣẹ́ tí ẹ̀yin gan-an ń wá.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n ló ká mi lára jù, torí pé mo ti rí ojú àwọn tó gba irú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ní ìpàdé yẹn. Ìjọba àpapọ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún ìdálẹ́bi, ó sì ti wà nínú òfin wọn láti ọdún 1996: bí ènìyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì ti fi ìyà kankan jẹ ẹ́, bó jẹ́ ilẹ̀ gbígbá, ó ti di ìdálẹ́bi. Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìmígíréṣọ̀n pinnu nínú ẹjọ́ Roldan pé bí ìpínlẹ̀ bá tilẹ̀ wá pa ìdálẹ́bi náà rẹ́ lẹ́yìn náà nítorí pé ẹni náà ti tún ìwà rẹ̀ ṣe, àwọn kò kà á sí píparẹ́. Fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí ẹ ó kọ láti di ọmọ onílùú, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé kí ẹ dárúkọ gbogbo ìgbà tí wọ́n mú yín àti gbogbo ẹjọ́ yín, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti dì í, tí adájọ́ tàbí lọ́yà sì ti sọ fún yín pé kò sí mọ́. Ìka yín tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2014 wà lọ́dọ̀ FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọ̀gá tí yóò fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò lè ti kà á kí ẹ tó jókòó, kí ó wá máa wo ẹnu yín.

Ní ti ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ ka oṣù. Òfin lílé ènìyàn kúrò nílùú wo ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́ ti ìwà àìṣòótọ́ tí ènìyàn dá láàárín ọdún márùn-ún tí ó wọlé, bí ìyà rẹ̀ bá lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Oṣù kejì 2009 sí oṣù kẹfà 2014 jẹ́ ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà tún sọ pé bí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá di méjì, ìgbàkígbà tó wù kí wọ́n ṣẹlẹ̀, wọ́n lè fi lé ènìyàn. Nítorí náà, ìbéèrè tèmi fún yín nìyí, ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dáhùn: ṣé ti ọdún 2014 yìí nìkan ni?

Màmá Ṣadé dáhùn:

Àkàndé, ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlá, mo sì tún jókòó sí ọ́fíìsì wọn fún ọdún mẹ́fà, níbi tí mo ti ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́. Mo fẹ́ sọ èyí tí mo mọ̀ nípa ti iṣẹ́. Ti ìmígíréṣọ̀n, ọmọ tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ní ìpínlẹ̀ yìí, ilé iṣẹ́ tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ tọ́jú aláìsàn nílé kò lè gbà ọ́ láìtẹ ìka rẹ, èsì ìka náà sì máa ń gba ọ̀dọ̀ Ẹ̀ka Ìlera ìpínlẹ̀ kọjá. Wọ́n á rí i, bó dì bó kò dì. Ṣùgbọ́n rírí i kò túmọ̀ sí pé wọ́n á lé ọ. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Article 23-A, ó ti pẹ́ ju gbogbo ariwo Clean Slate yìí lọ, òun ló sì ní kí agbanisíṣẹ́ wo ọjọ́ orí rẹ nígbà tí o ṣe é, kí ó wo iye ọdún tó ti kọjá, kí ó wo bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe wúwo tó, kí ó wo bóyá ó tilẹ̀ kan iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, kí ó sì wo ẹ̀rí pé o ti yí padà. Kò gbọdọ̀ kàn sọ pé o ní ẹjọ́, kó máa lọ.

Ní ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin kan wá tí ẹjọ́ rẹ̀ wúwo ju tìrẹ lọ fíìfíì. Ó mú fáìlì aláwọ̀ ewé kan dání. Ìwé kóòtù ló wà lókè pátápátá, lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà pásítọ̀ rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ iṣẹ́ náà, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ti bá gbé rí, àti ojú ewé kan ṣoṣo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, níbi tó ti sọ ohun tó ṣe láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi mọ́ ara rẹ̀. Wọ́n gbà á. Ní oṣù kan náà, ọkùnrin kan tó jí bíà kan péré nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún kọ rárá sínú fọ́ọ̀mù. Èsì ìka dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá wa kò tilẹ̀ bínú sí bíà. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ẹni tó lè purọ́ lórí ìwé, òun kò lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé aláìsàn lé e lọ́wọ́.

Mo tún fẹ́ kí o lọ béèrè ìwé kan ní kóòtù tó dá ẹjọ́ rẹ, Certificate of Relief from Disabilities. Adájọ́ ló ń fún ènìyàn. Bí o bá ní in lọ́wọ́, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ka ọ́ sí ẹni tó ti tún ìwà rẹ̀ ṣe, àfi bí òun bá rí ẹ̀rí mìíràn. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ènìyàn wa kò ṣe mọ̀ ọ́n.

Ajíṣafẹ́ Houston dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀rù pa ọ̀gbẹ́ni yìí. Texas ni mo wà, èmi náà ní ọ̀ràn kékeré kan ní ọdún 2010, kóòtù sì fún mi ní àṣẹ pé kí wọ́n má fi í han ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, mo ti gba iṣẹ́ mẹ́ta, mo ti gba ilé méjì, mo sì ti lọ sí Lagos lẹ́ẹ̀mẹrin tí mo sì padà, kò sí ẹni tó bi mí ní ohunkóhun. Ohun tí kóòtù bá ti bò, kí ni ìdí tí ènìyàn yóò fi máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú u jáde? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ọmọ Amòfin dáhùn:

Bọ̀dá Ajíṣafẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan péré ni mo ní: nígbà tí ẹ ń lọ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin yẹn, ṣé pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni ẹ mú dání, àbí green card? Bí ó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀ yín àti ti ẹ̀gbọ́n Àkàndé kò jọra rárá. Ọmọ onílùú, kò sí ẹni tó lè dá a padà sí ibi tó ti wá ní ẹnu ibodè nítorí ẹ̀sùn olè kékeré. Àṣẹ tí kóòtù Texas fún yín pàápàá, àwọn ará Texas ló dè lọ́wọ́. Kò de ìmígíréṣọ̀n.

Jíjókòó jẹ́ẹ́ yàtọ̀ sí kíkọ rárá sórí ìwé tí a búra lé. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ kò tíì ṣẹ̀. Ẹni tó kọ irọ́ sínú N-400 ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun, wọ́n sì lè torí rẹ̀ kọ ìwé rẹ̀ dànù, àní wọ́n lè gba ìwé ọmọ onílùú padà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún bí wọ́n bá rí i pé irọ́ ni ó fi gbà á.

Àkàndé Bronx dáhùn:

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Ọmọ Amòfin, ẹ ní kí n rò ó dáadáa, mo sì rò ó débi tí mo fi rántí ohun tí mo ti fẹ́ gbàgbé. Ní ọdún 2011, ọlọ́pàá mú mi ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, nítorí pé mo fo irin ẹnu ọ̀nà kọjá láìsanwó. N kò ní ju 2 dọ́là lọ lápò lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ sì ń pẹ́ mi. Wọ́n mú mi lọ sí kóòtù, lọ́yà ní òun ti bá wọn sọ ọ́ di disorderly conduct, ìyẹn ìwà rúdurùdu ní gbangba, mo san 120 dọ́là, wọ́n ní kí n máa lọ, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé wọ́n ti dì í. Ṣé ìyẹn náà wọ inú rẹ̀? Ṣé ó ti di méjì nìyẹn?

Ọmọ Amòfin dáhùn:

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rántí tiwọn nígbà tí ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n bá ti gbé ìwé náà jáde níwájú wọn.

Disorderly conduct jẹ́ ohun tí òfin New York ń pè ní violation. Kò tó ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, òfin dídì rẹ̀ sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí Clean Slate tó dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìmígíréṣọ̀n kì í kà á sí ìwà àìṣòótọ́. Bí ẹ bá jẹ̀bi ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kàn yín níbẹ̀, èyí tó jẹ́ jíjí iṣẹ́ tí a kò sanwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀ pátápátá, torí pé lọ́yà ìjọba lè jiyàn pé olè ni òun náà, ó sì di méjì. Ẹni tó bá yín sọ ọ́ di nǹkan mìíràn ní ọdún 2011 ṣe yín lóore ju bí ó ṣe mọ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ ó kọ ọ́ sínú N-400, nítorí pé wọ́n mú yín. Ohun tí fọ́ọ̀mù náà béèrè kọjá bóyá ẹ jẹ̀bi. Ó béèrè bóyá wọ́n mú yín rí.

Ẹ wo bí òfin ṣe rí lórí ẹyọ ọjọ́ kan. Nígbà tí ẹ ṣe ẹjọ́ yín, ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù fún irú petit larceny yẹn jẹ́ ọdún kan. Ní ọdún 2019, àwọn aṣòfin New York dín in kù sí ọjọ́ 364, nítorí irú àwọn bíi tiwa ni wọ́n sì ṣe é, kí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré má baà máa kan ọdún kan tí òfin ìmígíréṣọ̀n ń wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yọ. Mo mọ ìdílé tí ọjọ́ yẹn dé pẹ́ fún.

Lórí ìrìn àjò, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ní green card tó jáde tó sì padà, wọn kì í kà á sí àlejò, ṣùgbọ́n bí irú ẹ̀ṣẹ̀ kan bá wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n lè kà á sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ láti wọlé. Òfin yọ̀ǹda fún ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan péré, tí ìyà rẹ̀ tó ga jù kò ju ọdún kan lọ, tí ẹ̀wọ̀n tí adájọ́ dá fún un kò sì ju oṣù mẹ́fà. Lójú tèmi, ẹ bọ́ sínú ìyọ̀ǹda yẹn. Ojú tèmi kọ́ ni yóò wò yín ní pápákọ̀ òfurufú JFK, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ka ìwé méjèèjì kí ó sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbéra. Oníbàárà wa kan padà láti Lagos lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú un wọ yàrá ẹ̀yìn, ó yọ ìwé kóòtù àti lẹ́tà lọ́yà láti inú nàìlọ́nù tó fi wé e, wọ́n kà á, wọ́n ní kí ó máa lọ. Wákàtí méjì ló lò. Ẹni tó jókòó ti i kò ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ìwé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ lọ gbà lọ́sẹ̀ yìí. Certificate of Disposition ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ ohun tí wọ́n fi kàn yín, ohun tí ẹ gbà, àti ohun tí adájọ́ dá. Ẹ lọ sí kóòtù ọ̀daràn Bronx ní East 161st Street, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín àti nọ́ńbà ẹjọ́ dání. Rírí i gbà kí wọ́n tó dì í rọrùn ju ìgbà tí wọ́n bá ti dì í lọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Bí wọ́n bá sì ti dì í, ẹ̀yin tí ẹ ni ẹjọ́ ṣì ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Ibi tí ẹ ó ti mọ bóyá wọ́n ti dì í ni àkọsílẹ̀ tí ẹ lè béèrè fúnra yín lọ́wọ́ DCJS, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Legal Action Center máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró di ọdún 2027, ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, ẹni tí ìdálẹ́bi rẹ̀ kò ju méjì lọ, tí felony kò sì ju ẹyọ kan nínú rẹ̀, lè kọ̀wé sí adájọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Tiyín ti pé. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ọjọ́ 45 láti sọ bóyá òun takò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ọjọ́ tí wọ́n dì í, ẹ ó sì ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, èyí tí Clean Slate kò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nílé.

Agbẹjọ́rò Ìbàdàn dáhùn:

Mo kàn fẹ́ fi kún un fún àwọn tó ń ka èyí láti ilé. Ní Nàìjíríà, a kò ní irú òfin tó ń ka ọdún báyìí fún àgbàlagbà. Ìdáríjì Ààrẹ lábẹ́ abala 175 ìwé òfin ọdún 1999, tàbí ti gómìnà lábẹ́ abala 212, ni ọ̀nà tó wà, àwọn tó sì mọ ojú ọ̀nà ààfin ni wọ́n sábà máa ń rí i. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí kò fẹ́ kí wọ́n tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ ìdálẹ́bi fún ọmọdé, tó sì ní kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àṣírí. Ó dùn mí pé olóṣèlú tí wọ́n dá lẹ́bi ìwà àìṣòótọ́ lè padà du ipò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ṣe sọ, nígbà tí ẹni tó jí ewúrẹ́ kò ní ọdún kankan tí ó lè kà dé.

Àkàndé Bronx dáhùn:

Mo ti lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo tò fún wákàtí kan àbọ̀, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn dígí béèrè ọjọ́ ìbí mi, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì ní ti ọdún 2014 ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí mo bá ti kọ rárá sórí fọ́ọ̀mù yẹn ní ọjọ́ Ajé, irọ́ ni ǹ bá ti pa. Mo san owó, wọ́n fún mi ní ìwé kan tí òǹtẹ̀ rẹ̀ yọ sókè lára rẹ̀, tí èèyàn lè fi ìka mọ̀ lára. Mo kà á nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó ya mí lẹ́nu pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ.

Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kan, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ni mo kọ sí i, mo sì ti ń kó fáìlì tèmi jọ gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe wí. Mo pe ìyá mi lálẹ́ àná, mo ní n kò tíì lè sọ bóyá n óò lè wá. Wọ́n ní kí ló dé. Mo ní ìwé kan ni mo ń dúró dè.

Ọmọ Amòfin dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ padà lọ gba ẹ̀dà kejì, kí ẹ sì gba ti ọdún 2011 mọ́ ọn. Ọ̀gá tí yóò fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò lè gba èyí tó ní òǹtẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì tún nílò òmíràn fún ìrìn àjò.